Mẹ́rin Tó Ṣẹ́ Kù

Ẹ ti ń fura pé ọkùnrin tó bá ń fọ́nnu káàkiri pé kò sí ohun méjì láyé yìí tí òun kò lè sọ ohun tó pa wọ́n pọ̀, inú ilé rẹ̀ ni wàhálà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kò ṣì í. Inú ilé rẹ̀ náà ni. Ohun tí ẹ kò lè fura sí, tí àwa tí a gbọ́ ọ kò sì tíì rí gbé mì, ni bí ojú ṣe lè wà lágbárí ènìyàn, kó máa là, kó máa padé, kó sì jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè é ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn tó ti ń ṣiṣẹ́. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní yunifásítì rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi oyè náà ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, kíá ló dáhùn, bí ẹni tó ti ń bínú pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó pè é. Bí yẹ̀yẹ́ ṣe di orúkọ nìyẹn.

Òun ló ni igun ìsàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń tẹ eré ọ̀rọ̀ kan jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kó Wọn Jọ ni eré náà ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínlógún ni Ọ̀jọ̀gbọ́n yóò dà sílẹ̀, òǹkàwé yóò sì ṣà wọ́n ní mẹ́rin-mẹ́rin, kí mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ní àbùdá kan tí àwọn yòókù kò ní. Bí ẹ bá rí òkun, omijé, òógùn àti ẹ̀jẹ̀ láàárín wọn, ẹ ó kó wọn sójú kan, ẹ ó ní gbogbo wọn ló níyọ̀ nínú. Àmọ́ kíkó wọn jọ nìkan kò tó. Dandan ni kí ẹ dárúkọ ohun tó so wọ́n pọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń kọ òfin náà sábẹ́ eré rẹ̀ bí ìwé òfin ilẹ̀: ẹni tí mẹ́rin ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́ tí kò mọ ìdí tí wọ́n fi wà pa pọ̀, oríire ló jẹ, kò jẹ ọgbọ́n.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ náà yẹ ní wíwò. Yóò gé pépà wẹ́wẹ́, yóò kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò tẹ́ wọn síwájú, yóò wá di ojú méjèèjì. Yóò máa bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan bí adájọ́. Kí ni wọ́n fi ṣe ọ́? Iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Kí lo ní tí ẹnìkejì rẹ kò ní? Ó ní ojú a máa dí ọgbọ́n lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan ó kó ọ̀pẹ òyìnbó mọ́ ọsàn, máńgòrò àti àgbálùmọ̀, ó ní orí igi ni gbogbo wọn ti ń so. Òǹkàwé kan kọ̀wé wá pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ọ̀pẹ òyìnbó ń so sí, kí Ọ̀jọ̀gbọ́n wá wo ti ẹ̀yìnkùlé òun bó bá ń jiyàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ka ìwé náà sí gbogbo ọ́fíìsì létí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀ nù.

"Ẹ bá mi sọ fún un," ló wí, "pé ọ̀rọ̀ ni mo ń tò. N kì í to ẹrù."

Apòògùn ni ìyàwó rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá kan, obìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Àwọn ọmọ wọn ti dàgbà, wọ́n ti kó lọ sí ilé tiwọn. Àwọn méjèèjì ló kù, àti ìdákẹ́jẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń pè ní àlàáfíà.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan, ó wọ ọ́fíìsì tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó fa àpò pépà kékeré kan yọ, irú èyí tí àwọn apòògùn máa ń di oògùn oníhóró sí, ó gbọn inú rẹ̀ sórí tábìlì. Pépà wẹ́wẹ́ ló dà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ìyàwó mi ti lọ," ló wí. "Ẹ wá wo ohun tó fi sílẹ̀ fún mi."

Bó ṣe wí i gan-an nìyẹn, bí ẹni ń ròyìn pé òjò ti dá. Ẹnu-Abẹ, obìnrin tó ń to ojú ewé lórí kọ̀ǹpútà, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í bá níbi tí èsì kò ti tíì dúró dè é, la ẹnu, kò rí nǹkan kan sọ. Olóòtú wa, ìyá àgbà tó ti ka ìròyìn jàǹbá ju ìròyìn ìgbéyàwó lọ láyé rẹ̀, gbé bírò sílẹ̀.

"Lọ síbo?"

"Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, mà. Lánàá ni. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na èyí sí mi. Ó ní bí mo bá tò ó kí ilẹ̀ Sátidé tó ṣú, òun á padà wálé. Bí n kò bá tò ó, òun kò padà mọ́ láéláé, kí n má wulẹ̀ wá òun wá."

"Kí lẹ wá sọ fún un?" Ẹnu-Abẹ ló béèrè.

"Mo ní, ṣé ó le?"

A wo ọkùnrin yìí bí ẹni ń wo ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó tó ń sọ pé iná náà pọ́n dáadáa. Kò rí wa. Ó ti fa àga sún mọ́ tábìlì, ó ti di ojú.

Kó tó di pé a pín tíì, ó ti tò mẹ́ta. Bàtà, yẹtí, ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀wọ́: ohun tí ọ̀kan rẹ̀ bá sọnù, tí èkejì á di ìdọ̀tí. Ọṣẹ, àbẹ́là, pẹ́ńsù, ṣọ́ọ̀kì: ohun tí à ń lò tí ń joro títí á fi tán. Ilẹ̀kùn, agboòrùn, sísọ́ọ̀sì, ìwé: ohun tí kò wúlò bí kò bá lè ṣí kó sì tún lè padé.

"Iṣẹ́ tó mọ́ nìyí," ó ń yin ìyàwó rẹ̀, bó ṣe ń yìn ín ló ń yin ara rẹ̀. "Ṣé ẹ rí i pé ó ń kọ́ nǹkan lára mi? Gbogbo ọdún yìí, n kò mọ̀ pé ó ń fetí sílẹ̀."

"Ìyẹn ni pé ẹnìkan ń fetí sílẹ̀ nílé yín," Ẹnu-Abẹ wí. Ahọ́n rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò.

Mẹ́rin ló ṣẹ́ kù: dígí, aago, máṣíìnì ìránṣọ, kọ́bọ́ọ̀dù.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti takókó. Ó ní igi ni wọ́n fi ṣe wọ́n, dígí kọ̀. Ó ní gbogbo wọn ló ní gíláàsì, máṣíìnì kọ̀. Ó ní ohun tó ní ilẹ̀kùn, ohun tó ní ojú, ohun tí à ń fi òróró sí. Bí ọ̀kan bá gbà, méjì á kọ̀. Títí ọ̀sán fi pọ́n, ó ń kó wọn jọ, ó ń tú wọn ká.

"Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ," Ẹnu-Abẹ wí láìgbójú sókè. "Dígí tí oníbàárà ń wò, aago tí wọ́n fi ń parọ́ fún un, máṣíìnì, kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó aṣọ sí. Ó parí. Ẹ lọ mú ìyàwó yín wálé."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó tàánú-tàánú. "Àbúrò, ibi tí nǹkan wà kì í ṣe àbùdá nǹkan. Òní ó wà níhìn-ín, ọ̀la ó wà lọ́hùn-ún, ohun kan náà ni. Ọjọ́ tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí nǹkan wà, ọjọ́ náà ni mo di akẹ́rù."

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà fi máa dé àárín, gbogbo ilé iṣẹ́ ló ti gbọ́. Ohun tó ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Yóò dá èèyàn dúró lórí àtẹ̀gùn, yóò ka mẹ́rin náà sí i létí, yóò ní ìyàwó òun ló dán òun wò, ẹ ò rí i bí obìnrin ṣe gbọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ kẹ́dùn kò ní ráyè. Olóòtú ló pè é wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá ọmọ, ìyàwó lo sọ nù o. Kì í ṣe gègé."

"Mo mọ̀, mà."

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Dìde, lọ bá a. Lọ bẹ̀ ẹ́."

"Kí ni kí n fi bẹ̀ ẹ́, mà?"

"Ẹnu rẹ."

"Láìsí èsì nínú rẹ̀?" Ó béèrè é tọkàntọkàn, bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ kí ọba láìwọ ṣòkòtò. "Mà, bí mo bá lọ lófìfo, á rò pé n kò fi ọ̀rọ̀ òun ṣe nǹkan kan."

Olóòtú sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun fẹ́ rẹ́rìn-ín, òun fẹ́ sunkún, òun kò sì ráyè ṣe ọ̀kankan. Nítorí pé ẹ̀rù ti ń ba ọkùnrin náà lóòótọ́. Ó ti ń rù. Kọ́là rẹ̀ ti ń wọ́. Ó sọ fún Ẹnu-Abẹ, ẹni tí kò yẹ kó sọ irú rẹ̀ fún, pé láti ìgbà tí Ìyá àwọn ọmọ ti lọ, ilé fẹ̀ jù, pé bí òun bá wúkọ́ ní pálọ̀, ikọ́ náà máa ń padà wá bá òun. Ẹnu-Abẹ fẹ́ fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ó wo ojú rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn iṣẹ́ ní Tọ́sìdeè, Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Òun náà ló tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún wa lọ́jọ́ kejì, kò fi ọ̀kan pamọ́, torí ó rò pé ó gbè é.

"Ìyá àwọn ọmọ."

"Bàbá wọn. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun. Mẹ́rin tó ṣẹ́ kù yìí, ṣé àbùdá ara wọn ni àbí ti iṣẹ́ wọn? Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ mọ̀."

"Ibo lẹ wà báyìí?"

"Pálọ̀."

"Ẹ wò yíká."

"N kò béèrè ibi tí n ó wò. Mo ní, ṣé ara ni àbí iṣẹ́?"

"Bàbá wọn, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ."

"Òwe nìyẹn. Òwe kì í ṣe èsì."

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ rí i pé ẹ sùn dáadáa."

Bó ṣe parí ìtàn náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n na ìka sókè. Ó ní ẹ ò rí i pé ẹsẹ̀ obìnrin náà ti ń gbọ̀n, pé ẹni tí èsì rẹ̀ bá dúró ṣinṣin kì í fi òwe bo ara. Ó ní òun kúkú di ojú nígbà tó ní kí òun wò yíká, torí bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe máa ń ronú jù. Ẹnu-Abẹ dìde, ó lọ mu omi.

Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráídè, Ọ̀jọ̀gbọ́n tò ó.

Ilẹ̀ pálọ̀ ló tẹ́ àwọn pépà náà sí, torí pé àyè pọ̀ níbẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ lẹ́bàá wọn, ó di ojú, ó ń bi wọ́n léèrè, nígbà tó sì dìde, ó ti mọ̀ ọ́n. Ó pe Olóòtú lórí fóònù lójú ẹsẹ̀.

"Ohun tí kì í ṣe ènìyàn láǹfààní àfi bó bá kọjú sí i. Mà, ẹ gbọ́. Dígí tí mo bá kẹ́yìn sí, ògiri ni. Aago tí n kò bá wò, ariwo ni. Ta ló ń kẹ́yìn sí máṣíìnì kó tó ránṣọ? Ta ló ń mú nǹkan nínú kọ́bọ́ọ̀dù láìkọjú sí i? Gbogbo wọn ń dúró de ojú ènìyàn ni."

Èsì náà gún régé, ó sì dùn ún gbọ́ débi pé Olóòtú rò pé bóyá obìnrin yẹn ti fi ọgbọ́n kọ́ ọkọ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kọ́ ọ. Nígbà tí Ẹnu-Abẹ gbọ́ ọ, òun náà kò rí nǹkan kan bù kù níbẹ̀. "Àṣé orí wà lọ́rùn wọn," ló wí. Gbogbo wa gbà pé ìyàwó ti padà wálé.

Olóòtú ní òun á bá a lọ, kí àgbà kan lè wà níbẹ̀. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti gẹ irun, ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ sánmà tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn, ó dé fìlà. Lójú ọ̀nà, ó ń sọ èsì rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ọmọ tó fẹ́ lọ ka ìwé níwájú ìjọ.

Dókítà eyín ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó náà. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, òun nìkan ló ń gbé ilé tó mọ́ tónítóní. Nítorí pé gbogbo ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ ló máa ń la ẹnu sílẹ̀ láìlè fèsì, ó ti mọ́ ọn lára láti sọ ìwọ̀nba tó bá yẹ kó sì dákẹ́. Òun ló ṣí ilẹ̀kùn.

"Àna mi, ẹ káàbọ̀. Mà, ẹ káàbọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé o."

Ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdáná, ó mú ife tíì lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí Olóòtú. Ó kí ọkọ rẹ̀. Olóòtú ní ìrètí wà lójú rẹ̀ lóòótọ́, pé òun kì í ṣe ọmọdé, òun mọ ojú obìnrin tó fẹ́ lọ ilé.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni Olóòtú kò lè sọ láìdúró sinmi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò tíì jókòó. Dígí gígùn kan wà lára ògiri lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó tún kọ́là ṣe, ó fọwọ́ pa irunmú. Ó wo aago tó wà lókè fèrèsé, ó ní, "Ẹ rí i? A dé lásìkò. Ilẹ̀ kò tíì ronú àtiṣú." Ó ṣí fìlà, ó gbé e lé orí máṣíìnì ìránṣọ tó wà lábẹ́ fèrèsé náà. Nígbà náà ló wá fara ti kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan láàárín pálọ̀, ó fi ìka kan án kó-kó-kó.

"Ẹ̀gbọ́n, igi gidi nìyí," ló wí. "A ní irú rẹ̀ nílé."

Dókítà eyín jókòó lójijì, kò wo ẹ̀yìn bóyá àga wà níbẹ̀. Olóòtú kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó kàn mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀, torí pé ìrètí yẹn ti kúrò lójú obìnrin náà, bí ẹni pa iná.

Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ èsì rẹ̀. Ó sọ ọ́ dáadáa, kò fo ọ̀kan. Ó sọ nípa dígí àti ògiri, ó sọ nípa ojú ènìyàn tí gbogbo wọn ń dúró dè. Ó parí, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ń retí.

"Èsì tó dára ni," ìyàwó rẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ó dára ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n òun kọ́."

"Òun kọ́ báwo? Kò sí òmíràn tó lè mú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Bàbá wọn, dígí ta lẹ fi tún kọ́là yín ṣe?"

"Ti ẹ̀gbọ́n."

"Aago ta lẹ wò?"

"Ti ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè wo nìyí?"

"Kí lẹ gbé fìlà yín lé?"

Ó yíjú. Ó wo fìlà náà. Ó wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó rìn padà síbi dígí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìlà kan wà ní igun ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó là bí ẹsẹ̀ ẹyẹ, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti fi àkàbà gbá a lọ́jọ́ tó ń pààrọ̀ gílóòbù. Ó fi ìka tọ ìlà náà. Nígbà tó dìde, Olóòtú ní ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó rí i pé ìlú tí òun fẹ́ dé kọ́ nìyí.

"Àwọn méjìlá yòókù ṣì wà nílé wa," obìnrin náà wí. "Ọṣẹ wà níbẹ̀, agboòrùn wà níbẹ̀. Mẹ́rin yìí ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tó so wọ́n pọ̀ nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n kọjú sí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Dígí ni mo kọ́kọ́ gbé. Ẹ ní kí n wo ara yín, pé irun funfun yín ti dín kù. Mo gbé aago. Ẹ ní ilé ti wá pa rọ́rọ́, pé ọpọlọ yín ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo gbé máṣíìnì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo ti ń fi ìrọ̀lẹ́ sinmi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ lọ, Bàbá wọn. Mo ń retí kí ẹ béèrè ni. Bí ẹ bá sọ pé, 'Aago wa dà?', mo ti múra àtisunkún ayọ̀. Ẹ kò béèrè. Mo wá ní bóyá nítorí pé nǹkan ni wọ́n, bóyá bí mo bá sọ wọ́n di ọ̀rọ̀, ẹ ó rí wọn."

Olóòtú ní òun ti ka oríṣiríṣi lójú ìwé ìròyìn, òun ti ka ti ẹni tó sùn nínú ilé tí ìkún omi gbé lọ, ṣùgbọ́n òun kò gbọ́ irú èyí rí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n rìn dé àárín pálọ̀, ó padà. Nígbà tí ohùn rẹ̀ yóò fi jáde, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ló jáde.

"Ẹ̀yìn mi lo ti kó wọn," ló wí. "Mà, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ẹ dá ẹjọ́ náà. A kì í gbé nǹkan pamọ́ fún ènìyàn ká tún ní kó rí i. Nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́, tí mo ń wá oúnjẹ wálé, ló ń yọ́ kẹ́lẹ́ kó ẹrù jáde. Eré tí wọ́n bá fi ìdí rẹ̀ pamọ́ fún ẹni tó ń ṣe é, ojóró ni. N kò lè mọ ohun tí wọn kò jẹ́ kó ṣojú mi. Bí ó bá ṣojú mi ni, ẹ lè bá mi wí."

Ó sọ ọ́ débi tó fi gbà á gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ padà sójú rẹ̀. Olóòtú náà, kí a sọ òótọ́, mi orí díẹ̀; ó ní ọ̀rọ̀ náà fẹ́ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìkọ̀kọ̀ ni, ó yẹ kí obìnrin náà fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ó kọjú sí i.

"Ìyàwó wa, ṣé òótọ́ ni? Ṣé nígbà tí kò sí nílé lo kó gbogbo rẹ̀?"

Obìnrin náà gbé ife sílẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Dókítà eyín wo ọwọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ní kó yọ eyín tí kò yẹ kó yọ.

"Àwọn mẹ́ta kékeré, n kò lè sọ, mà," ló wí. "Ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù yìí wúwo, ẹnìkan kò lè dá a gbé. Èmi ni mo di orí rẹ̀ mú dé inú ọkọ̀. Àna mi ló di ìdí rẹ̀ mú."